Ṣé Kí N Yí Ọmọ Mi Kọjú Síwájú? Ìdáhùn Lórí Àga Ọmọ àti Bẹ́líìtì Inú Ọkọ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìbàdàn ni mò ń gbé, Corolla 2005 ni a ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi àga ọmọ tí ọmọ tirẹ̀ ti lò ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́wàá. Bí a bá ti gbé e sínú àga yẹn báyìí, ẹkún ni. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń wò, kò rí ojú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kan ìfẹ̀yìntì. Ìyá ọkọ mi ní ìyà ni mò ń fi jẹ ọmọ, pé kí n gbé e fún àwọn kí wọ́n gbá a mọ́ra bí wọ́n ṣe gbá àwa náà mọ́ra tí a fi dàgbà. Ṣé mo lè yí i kọjú síwájú? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ńkọ́, ṣé bẹ́líìtì lásán ti tó fún un? A máa ń lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù."

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é. Ẹ má yí i o. Oṣù mẹ́wàá kò tí ì tó rárá, ẹsẹ̀ tó ń kan ìfẹ̀yìntì kì í sì í ṣe àmì pé ó ti tó. Ti ọmọ ọdún mẹ́fà náà, bẹ́líìtì lásán kò tí ì tó fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà yóò tún un ṣàlàyé fún màmá nílé.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó fara pa nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń de àga ọmọ mọ́ ọkọ̀, òun ni mo sì fi ń kọ́ àwọn òbí títí di òní. Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kò jẹ́ kí n lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìkejì.

Ọ̀rọ̀ màmá ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi gbá wa mọ́ra nígbà náà, ìfẹ́ náà ni wọ́n sì fẹ́ fi gbá ọmọ yín mọ́ra. Agbára tí ọ̀rọ̀ náà ń béèrè ni kò sí lápá ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó: ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, eré inú ìlú lásán nìyẹn, kì í ṣe eré ojú títì Ìbàdàn sí Èkó. Bí ó bá sọ ọkọ̀ mìíràn tàbí ògiri lójijì, ohun tó ń bá àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí èèyàn já bọ́ láti òkè tó ga tó mítà mẹ́wàá, ìyẹn òrùlé ilé alájà mẹ́ta. Ọkọ̀ yóò ti dúró kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ọmọ tó wúwo tó kílò 9 yóò fa apá tó dì í mú bí ẹni pé kílò 140 ni, bí àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta tí wọ́n jù sí yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló lè gba á dúró? Èmi kò lè gbà á, ọkọ yín kò lè gbà á, màmá náà kò lè gbà á. Ọmọ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan a wá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo yí ara wọn àti ọmọ ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láéláé. Gbogbo ìwúwo àgbàlagbà ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ bẹ́líìtì. Bákan náà ni ti ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó wá jókòó sínú ọkọ̀: bẹ́líìtì kì í jókòó dáadáa lára ẹni tó pọn ọmọ, bí ọkọ̀ bá sì ta padà, ọmọ ni yóò wà láàárín ìyá àti ìfẹ̀yìntì.

Ó ku ti kíkọjú síwájú. Nígbà tí a bá bí ọmọ, orí rẹ̀ nìkan tó ìdámẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Ti èmi àti ẹ̀yin kò ju nǹkan bí ìdámẹ́jọ lọ. Orí yẹn wúwo, ọrùn tó sì gbé e dúró ṣì rọ̀, egungun ibẹ̀ kò tí ì le pọ̀ mọ́ra. Bí ọmọ bá kọjú síwájú tí ọkọ̀ sì fi iwájú sọ nǹkan, okùn àga yóò di èjìká rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó di orí mú. Orí yóò fò lọ síwájú, ọrùn nìkan ni yóò sì dá gbogbo rẹ̀ gbà, pẹ̀lú mùdùnmúdùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn síwájú ọkọ̀, ẹ̀yìn àga ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gba ẹyin. Ọ̀mọ̀wé ará Sweden kan, Bertil Aldman, ló dá èrò yìí sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1960. Ó kíyè sí i pé ńṣe ni àwọn tó ń wọ ọkọ̀ Gemini lọ sí òfuurufú máa ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà bá ń gbéra, kí gbogbo ẹ̀yìn wọn lè jọ pín agbára náà. Ó ní ohun tó gba àgbàlagbà nínú ọkọ̀ òfuurufú yóò gba ọmọdé nínú mọ́tò. Òótọ́ sì ni.

Títí di ìgbà wo? Ní Sweden, ọmọ ọdún mẹ́rin ṣì ń kọ ẹ̀yìn síwájú. Ní Britain, àga tó bá tẹ̀ lé ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní R129 kò gbọ́dọ̀ kọjú síwájú kí ọmọ tó kọjá oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà tún ìmọ̀ràn wọn ṣe ní 2018: kí ọmọ máa kọ ẹ̀yìn síwájú títí yóò fi kọjá ìwọ̀n tàbí gíga tí àga náà lè gbà. Ọ̀pọ̀ àga Amẹ́ríkà tó ṣeé lò síwá-sẹ́yìn ló ń gba ọmọ tó kọ ẹ̀yìn títí di nǹkan bí kílò 18. Ẹ ó rí ti àga yín kà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pọ́ùn ni wọn yóò kọ síbẹ̀, pọ́ùn 40 ni kílò 18. Ẹ tún wo orí rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ku ìnṣì kan, ó kéré tán, kí ó tó dé òkè àga. Bí ó bá ti kan òkè, àga yẹn ti kéré fún un. Ní ti ẹsẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Yóò ká a, yóò lọ́ ọ pọ̀, yóò gbé e lé ìfẹ̀yìntì. Bí ọmọdé ṣe ń jókòó sórí ẹní nílé náà nìyẹn.

Kí ẹ tó de àga náà, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ rí nígbà tí àga náà wà nínú ọkọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ wọn fi orí gbá nǹkan tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wọ́ ọ lọ, ẹ má lo àga náà, bó ti wù kó dán tó. Ike rẹ̀ lè ti sán nínú níbi tí ojú kò lè rí. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á dojú bolẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lára ike náà, nígbà mìíràn ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́ náà yóò wà níbẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ìdí kan náà ni mo fi ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má ra àga tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀. Ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tí ojú àga náà ti rí. Àga tí ẹ̀gbọ́n ẹni lò, tí ẹnu rẹ̀ sì lè ròyìn, yàtọ̀ gédégbé. (Bí ẹ bá sì ń lọ sí London lọ́jọ́ kan, ẹ má gbé àga Amẹ́ríkà lọ lò níbẹ̀. Òfin wọn kò gbà á.)

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ọkọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àga ń gbé. Ẹ má gbé àga tó kọ ẹ̀yìn síwájú lé ìjókòó iwájú tí airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú jáde bí ọkọ̀ bá sọ nǹkan) wà láéláé, torí bí airbag bá tú, ẹ̀yìn àga gan-an ni yóò gbá, níbi tí orí ọmọ wà, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọwọ́ ìyá. Ẹni tó tà yín ní ọkọ̀ lè sọ pé wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ má gbé ẹ̀mí ọmọ lé ọ̀rọ̀ ẹnu.

Mo ti rí Corolla bíi tiyín tó pọ̀ gan-an. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dí wa lọ́wọ́ ni aṣọ àga tí wọ́n rán bò ó, tó ti bo ibi tí a ń ki irin bẹ́líìtì bọ̀ ní ẹ̀yìn. Ọdún márùn-ún lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má wá a. Ẹ ká aṣọ náà, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fà wọ́n jáde, ẹ nu eruku wọn, kí ẹ wá ki irin bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ gbọ́ bóyá ó dún, kí ẹ sì fà á bóyá ó dì. Ní kọ̀rọ̀ tí ìfẹ̀yìntì ti pàdé ìjókòó, ẹ fi ìka tọ́ ọ wò: bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ẹ ó kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2002 ni òfin wọn ti pa á láṣẹ fún ọkọ̀ tuntun. Fún àga ọmọ ni wọ́n ṣe é. Ìkọ́ méjì tó wà lára àga náà ni ẹ ó fi kọ́ ọ. Irin náà tàbí bẹ́líìtì, ọ̀kan nínú méjèèjì ni kí ẹ lò. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ àfi bí ìwé ìlànà àga náà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́líìtì ni ẹ fẹ́ lò, nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò mọ̀. Ẹ ki bẹ́líìtì gba ojú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí fún ọmọ tó kọ ẹ̀yìn, ẹ ki irin rẹ̀ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra máa fa apá tó wà ní èjìká jáde, ẹ máa fà á, títí kò fi ní jáde mọ́. Ẹ wá jẹ́ kí ó máa padà. Ẹ ó gbọ́ ká-ká-ká-ká bí ó ṣe ń wọlé. Ìró yẹn ni àmì pé ó ti há, kò ní tú jáde mọ́ àfi bí ẹ bá yọ irin rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan tẹ àga náà mọ́lẹ̀ gidigidi, ẹ fi ọwọ́ kejì máa fa bẹ́líìtì wọlé títí kò fi ní dẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó dìde, ẹ di àga náà mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kì í ṣe ní òkè rẹ̀, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá yẹ̀ ju ìnṣì kan lọ, ẹ tún un ṣe. Ìgbà mẹ́rin ni èmi náà máa ń tún un ṣe nígbà mìíràn, òógùn á sì bò mí.

Àga ti há mọ́ ọkọ̀, ó ku kí ọmọ há mọ́ àga. Èyí ni mo ti máa ń rán àwọn ìyá létí ọ̀já. Bí ẹ bá fẹ́ pọn ọmọ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ síwájú, ẹ ó gbé e lé ẹ̀yìn, ẹ ó fi aṣọ bò ó, ẹ ó fi ọ̀já gbá ìdí rẹ̀ mọ́ra, ẹ ó wá nàró, ẹ ó gbọn ara yín lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá yọ̀, ẹ ó tú u, ẹ ó tún un dì. Kò sí ìyá Yorùbá tó jẹ́ pọn ọmọ ní dídẹ̀ kí ó ní kí ara lè tu ọmọ. Okùn àga náà nìyẹn. Ẹ ki apá rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, ẹ fa okùn tó wà níwájú títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là gbìyànjú láti já okùn náà ní èjìká bí ẹni ń já ẹran ara. Bí ẹ bá rí i já, ó ṣì dẹ̀. Bí ìka yín bá ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó ti dára. Ìdè tó wà láyà gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú abíyá, kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ikùn. Nígbà tó ṣì kọ ẹ̀yìn síwájú, kí okùn ti ibi tó dọ́gba pẹ̀lú èjìká tàbí tó rẹlẹ̀ jù ú díẹ̀ jáde. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀lù dì í kí ẹ tó gbé e sínú àga, ẹ má sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ òde tó nípọn tó fi ṣe bí pé okùn há nígbà tí aṣọ lásán ni okùn há mọ́. Ẹ kọ́kọ́ de ọmọ, kí ẹ wá fi aṣọ bò ó.

Ẹkún wá ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n. Ẹkún ọmọ nínú ọkọ̀ a máa dà bí abẹ́rẹ́ nínú etí ìyá. Ẹ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀. Oòrùn Ìbàdàn lè mú kí irin tó wà láàárín itan rẹ̀ gbóná bí irin ìlọṣọ. Ẹ fi aṣọ funfun bo àga náà bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí oòrùn, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan irin náà kí ẹ tó gbé e jókòó. Ẹ fi ojú wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti tọ̀. Ẹ gbé àga náà wọ pálọ̀, kí ó jókòó nínú rẹ̀ níbẹ̀, kí ó fi ṣeré, kí àga má jẹ́ ohun tó ń rí kìkì ní ọjọ́ ìrìn-àjò. Ẹ jẹ́ kí ìrìn-àjò bá àkókò oorun rẹ̀ mu. Ẹ dúró ní Ògèrè, ẹ tú u sílẹ̀, kí ó mu ọmú, kí ó rá kòrò díẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ tú u nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, "ìṣẹ́jú kan péré." Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró.

Ti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń kọ mí lóminú jù, torí kò sí ẹni tó ń ṣàníyàn nípa rẹ̀. Ó ti ń lọ síléèwé, ó ti ń so bẹ́líìtì fúnra rẹ̀, a sì rò pé ó ti bọ́. Bẹ́líìtì olójú mẹ́ta tí Nils Bohlin ṣe fún Volvo ní 1959, òun náà ni a ṣì ń lò, orí egungun ló sì gbé gbogbo agbára rẹ̀ lé: egungun ìbàdí nísàlẹ̀, egungun àyà àti èjìká lókè. Egungun ìbàdí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣì kéré, bẹ́líìtì kì í rí ibi dì mú. Itan rẹ̀ kò sì gùn tó, nítorí náà yóò sún ìdí síwájú kí orúnkún rẹ̀ lè ká, bẹ́líìtì yóò sì gòkè wá sí ikùn. Mo rántí ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan tí wọ́n gbé wọlé fún wa. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń béèrè bàtà rẹ̀. Nígbà tí a gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ilà dúdú tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta wà lábẹ́ ìdodo rẹ̀, ó lọ tààrà láti ìhà kan dé ìkejì. Ìfun rẹ̀ ti já nínú. Ọpẹ́ ni pé wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó yè. Bẹ́líìtì ló gbà á là, bẹ́líìtì náà ló sì ṣe é léṣe, nítorí pé ibi tí kò yẹ ló jókòó sí.

Àga tí wọ́n ń pè ní booster ló ń tún ìyẹn ṣe. Kò ní okùn kankan, ńṣe ló ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì ọkọ̀ lè gba ibi tó tọ́. Èyí tó ní ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ rà. Ìrọ̀rí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá sọ nǹkan, ìrọ̀rí yóò fún pẹlẹbẹ, bẹ́líìtì yóò sì dẹ̀. Òfin Britain ní kí ọmọ máa lo àga títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135 tàbí tí yóò fi pé ọdún méjìlá, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìmọ̀ràn Amẹ́ríkà sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 145. Ohun tí èmi ń wò nìyí: kí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìfẹ̀yìntì, kí orúnkún rẹ̀ ká ní etí ìjókòó, kí bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ wà lórí itan tí kò gun ikùn, kí ti òkè gba àárín èjìká tí kò gé e lọ́rùn, kí ó sì lè jókòó bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn dé Berger láìyọ̀ wálẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, booster ni. Ẹ máa wò ó nínú dígí pé kò fi bẹ́líìtì òkè sí abẹ́ apá tàbí sẹ́yìn. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn tó ń ka èyí kò ní ọkọ̀, danfo ni wọ́n ń wọ̀, bẹ́líìtì kò sì sí nínú rẹ̀. N kò ní purọ́ pé ohun kan wà tó lè rọ́pò bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírébà, bí ẹ bá sì gba takisí tí bẹ́líìtì rẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ gbé àga ọmọ dání kí ẹ dè é mọ́ ọn.

Ó ku ibi tí màmá yóò jókòó. Ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọmọ, kí àwọn náà so bẹ́líìtì tiwọn. Àgbàlagbà tí kò so bẹ́líìtì ní ẹ̀yìn ọkọ̀ lè ṣubú lu ọmọ tí a ti dè dáadáa, ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gan-an, wọn kò ní bá yín jiyàn. Ojú wọn ni ọmọ yóò máa wò láti ibẹ̀. Kí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n máa ki oríkì rẹ̀ fún un títí ẹ ó fi kọjá Ṣàgámù.